Bàtà Mojírayọ̀

Mo ti tẹ orúkọ mi sórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún.
Fóònù gbé e mì, kò gbin.

Láàárọ̀ yìí mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì,
mo fi pólíìṣì kun bàtà Mojírayọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.
Ó fún mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀.

Mọ́kọ́lá: "Ọ̀gá ò sí."
Dùgbẹ̀: ẹ̀ṣọ́ gba ìwé mi lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń fi í fẹ́ra nínú oòrùn.

Lókè-Bọ́lá, obìnrin kan ń to ọṣẹ sórí pẹpẹ,
páálí ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
N kò tíì kí i tán
tí mo ti gbá páálí náà mú.

Ó wojú mi. Ó wo bàtà.
"Ó fún ọ, àbí?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."
"Bọ́ ọ. Páálí mẹ́ta ló kù."