Ó Kú Nígbà Ogójì

Nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, ní Hẹlisínkì,
Aune kú nígbà ogójì láàárọ̀ ọjọ́ kan.
"Tún ikú yẹn kú," ni olùdarí wí, "kó rọlẹ̀ díẹ̀ sí i."
Ó mu omi oyin, ó sì tún kú.

Wọ́n gba ohùn rẹ̀, wọ́n fún un ní irun fàdákà, apá irin,
ọkọ̀ òfuurufú tó ń sá fún oòrùn tó ń kú lọ.
Níbẹ̀, Ọ̀gágun Sẹ́tírà ni.
Òtútù kì í mú un. Kì í san owó ilé.

Lálẹ́ òní, yìnyín bo ojú irin.
Aune jókòó nínú tíráàmù, ó fi sìkáàfù bo imú,
ikọ́ ń gbọ̀n ọ́n bí aṣọ orí okùn.
Àtàǹpàkò ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sáré lórí fóònù.
Ó ṣì í tẹ̀.
Igbe kan jáde:
ikú kẹtàdínlógójì. Ó dá a mọ̀,
èyí tó kú lọ́jọ́ tí ilé ìwòsàn pè é nítorí ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà pòṣé.
Kí Aune tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́:
"Dìde. Ìràwọ̀ ò tíì tán."

Ọmọ náà wo fóònù.
Ó wo obìnrin onísìkáàfù.
Ó tún wo fóònù.