Orí Oníke

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yọ eyín n'Ílọrin.
Ní Grimsby, mo ń fọ eyín àtọwọ́dá nínú ife omi,
eyín ìsàlẹ̀ Màmá Doreen,
tó ní eyín kan tó kù lókè ń dùn òun.
Mo tan iná fóònù sí i: ihò ti kan iṣan.
Ọwọ́ mi mọ ohun tó yẹ kó ṣe.
Òfin ní kó jókòó.
Ìlà dókítà eyín gùn,
láti ìgbà òtútù ni wọ́n ti ní kí ìyá dúró.
Èmi náà wà lórí ìlà:
àyè ìdánwò ṣí láago mẹ́wàá;
kí n tó tẹ Eyínfúnjowó tán, ó ti kún.
Bàbá mi, ẹ ò ṣe sọ mí ní Ayọ̀?

Lóru, orí oníke la ẹnu sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná.
Kò kígbe, kò tutọ́,
kò bi mí pé, "Dókítà, ṣé á dùn mí?"
Mo gbẹ́ eyín kan, mo dí i, mo tún gbẹ́ òmíràn.

Lánàá mo rí fọ́tò ìgbéyàwó Doreen:
èjí rẹ̀ gbòòrò, ó fọwọ́ bò ó.
Mo ní nílé wa, àwọn kan ń sanwó
kí wọ́n tó ní irú rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìgbà wo lo máa di dókítà?"

Dókítà ni mí tipẹ́, mo ní;
ó ku kí orí oníke jẹ́rìí.