Gíà Kẹta

Ní Wisbech, ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́,
kò sí òkè kankan tí ọkọ̀ lè fi ṣe àwáwí.
Síbẹ̀ Háílọ́ọ̀sì mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
bó bá ku díẹ̀ kó kan ọgbọ̀n máìlì,
á takú sí gíà kejì, á máa ké, á máa ké,
bí ọmọ tí wọ́n ní kó wọ yàrá tó ṣókùnkùn.

Ọ̀gbẹ́ni Thurlby ní gáráàjì etí odò
nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, kò wo ojú mi:
"Gbogbo gíà náà ni ká pààrọ̀. Ẹgbẹ̀rìnlá pọ́n-ùn."
Èmi tí mo ń di kábéèjì sínú àpótí
láti aago mẹ́rin ìdájí!
Mo dúpẹ́. Mo wà á lọ sílé jẹ́jẹ́,
àwọn ará ẹ̀yìn ń fọn fèrè bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Bàbá mi wà ní Ìkìrun. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti di kùrukùru,
ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló fi tú gíà àtọ́mátíìkì
nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún un bí ẹní ń sá fún ẹjọ́.
"Adérinsọ́lá, o ti yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò?"
Mo ti yọ ọ́, ara ọkọ̀ gbóná, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.
"Àwọ̀ wo?"
Ó yẹ kó pupa bíi sóbò; èyí dúdú bí omi aró.
"Òórùn ńkọ́?"
Ẹ̀wà tó jó mọ́ ìdí ìkòkò.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀.
"Gbé fóònù sábẹ́ ọkọ̀. Jẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀."

Mo dùbúlẹ̀ lórí páálí, yìnyín ń yọ́ wọ ọrùn mi,
mo na fóònù sí irin gbígbóná náà
bí ẹní ń gbé ọmọ tuntun fún bàbá àgbà.
Aldona, ará Lituéníà tó bá mi pín ògiri,
di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó bi mí bóyá àdúrà ni bàbá ń gbà.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Eyín gíà kò ká," ni bàbá wí.
"Iṣẹ́ ni kò dé ọ̀dọ̀ gíà kẹta. Wá ẹni tí a rán."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo da ọ́ìlì nù, mo sọ abọ́ ìsàlẹ̀ kalẹ̀.
"Kí ló lẹ̀ mọ́ òòfà? Èérún irin ni àbí lẹ́búlẹ́bú?"
Lẹ́búlẹ́bú.
"Kò burú. Gbogbo wa là ń yìnrìn."
Mo fi fílítà tuntun sí i, mo sì tọ wáyà lọ,
mo ń fi ìka wò ó bí ẹní ń wá ẹ̀gún nínú àtẹ́lẹsẹ̀,
títí mo fi dé ibi tó ti ń ha irin lára:
ó bó, ó hewú aláwọ̀ ewé.
Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì
kí yìnyín má baà gbé wa ṣubú,
òun náà ló jẹ ìránṣẹ́ náà lẹ́nu.
Wáyà gígùn bí ìka kan, téèpù dúdú, ó tán.
Pọ́n-ùn mọ́kànléláàádọ́ta, pẹ̀lú ọ́ìlì.

Mo wà á gba ẹ̀bá kòtò omi, fóònù lórí àga kejì.
Gíà kejì. Oko áálúbọ́sà. Ẹyẹ funfun méjì.
Gíà kẹta wọlé láì kan ilẹ̀kùn.
N kò sọ̀rọ̀. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀; ó ti gbọ́.
Gíà kẹrin wọlé pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì díẹ̀.
Mo ní, "Bàbá, ìyẹn ńkọ́?"
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ìyẹn, àgbà ni. Báyìí lèmi náà ṣe ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ dìde.
Má tú u."