Títí Yóò Fi Yọ́

Lójoojúmọ́, bí aago mọ́kànlá bá ti lù,
ọkọ̀ funfun a dúró lẹ́nu ọ̀nà Oiva.
Ọ̀dùnkún gbígbóná, ẹja, ọbẹ̀ tó ń rú èéfín,
àti ọmọbìnrin kan tí yóò béèrè pé, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"
Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ìwé òfin,
òun sì ni iyọ̀ oúnjẹ náà.

Ní oṣù kọkànlá, ìgbìmọ̀ ìlú Hirvijoki
fi ìṣirò pa ọkọ̀ náà.
Ó ku ike méje tó dì gbagidi bí òkúta,
ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nínú àpò, lórí àtẹ̀gùn.
Oiva, tó fi ogójì ọdún gégi fún ilé-iṣẹ́ bébà,
tó ti ń sanwó orí kí wọ́n tó bí alága ìgbìmọ̀,
jókòó ti ike rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

A pàdé nínú yàrá ìfọṣọ. Èmi ni akọ̀wé.
Kaino ní, "Ẹ jẹ́ ká máa sè é fún un. Ìkòkò mi tóbi."
Hilja gbá tábìlì: "Rárá o!
Ẹ gba ẹrù lórí ìjọba lónìí,
lọ́la wọn á ní orí yín ni wọ́n dá a mọ́.
Ìyá mi rìn nínú yìnyín kí òfin yìí tó dáyé."
Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó jàre.
Kaino lọ sunkún nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Oiva kò kúkú lè jẹ òfin lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kaino gbé ìkòkò kaná.
Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwa mọ́kàndínlógójì,
tọ̀pá-tọ̀pá, kẹ̀kẹ́ arọ mẹ́ta,
wọ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀. A kò pariwo.
A gbé ike kọ̀ọ̀kan síwájú ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan.
Hilja ní, "Ẹ máa bá ìpàdé yín lọ.
A ó dúró títí yóò fi yọ́."

Wákàtí mẹ́ta.
Omi ń sun sórí bébà ìṣirò,
nọ́ńbà ń ṣàn wọnú ara wọn.
Alága fi ṣíbí kan tirẹ̀ wò: kó, kó.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ ti padà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.
Mẹ́rin tó kù wà nínú ìwé ìpàdé mi,
n kò tíì fàlà sí i nísàlẹ̀.
Lánàá, ọmọbìnrin náà béèrè, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"
Oiva ní, "Ó ṣì ń rìn lọ sí gbọ̀ngàn."