Ìlà Ìsàlẹ̀

Ní Ìdí-Àbà, mo gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí síwájú rẹ̀:
Ẹ̀gbá, Yewa, Ìjẹ̀bú,
nísàlẹ̀ pátápátá, "àwọn mìíràn."
Sènámi wo ẹnu bírò mi.
"Ṣé ibẹ̀ yẹn ni kókó inú ọmú mi ń gbé?"

N kò fèsì.

Nígbà tó di Sátidé, mo tọ̀ wọ́n lọ sí Láfẹ́nwá,
agboolé àwọn Ẹ̀gùn.
Ìyá Húnsù ń túmọ̀ mi.
Ó dé orí jẹjẹrẹ, ó dákẹ́,
ó kọ́kọ́ lé àwọn ọmọdé síta.
"Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yìí,
ta ni yóò gbé èsì rẹ̀ padà wá?"
Mo ní èmi ni.
"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Bírò ti fẹ́ gbẹ.
Mo mí sí i lẹ́nu,
mo kọ orúkọ ara mi.