Amọ̀ Tó Gbàgbé Iyọ̀

Yìnyín ò tíì yọ́ lórí koríko létí odò Gaula
nígbà tí Eilif gbé ẹ̀rọ ìlulẹ̀ kalẹ̀
níbi tí ọmọ Gudveig fẹ́ kọ́lé sí.
"Ọgọ́ta ọdún ni màlúù wa fi tẹ ilẹ̀ yìí," ni ìyá àgbà wí.
"Ẹni tó bá ilẹ̀ dàgbà, ṣé ó tún ń bi í lórúkọ?"

Eilif ò fèsì. Ó ń ti irin wọlẹ̀.
Mítà mẹ́ta, ilẹ̀ ń jà.
Mítà méje, ó ń kùn.
Ní ìkẹsàn-án, irin kàn ń lọ geere
bí ṣíbí nínú ẹ̀kọ mímu.

Ó fa amọ̀ jáde: ó rí bí eérú, ó dúró ṣinṣin,
ọ̀bẹ gé e bíi wàràkàṣì.
Ó jù ú sínú ife, ó rò ó díẹ̀,
amọ̀ domi,
ó ṣàn kọjá bàtà ìyá.

"Òkun ló bí i," ni Eilif wí.
"Iyọ̀ ló so eegun rẹ̀ pọ̀. Òjò ti fọ iyọ̀ lọ.
Ó dúró torí ẹnìkan ò tíì yọ ọ́ lẹ́nu."

Gudveig wọlé. Mo rò pé inú ló bí i.
Ó gbé ìkòkò iyọ̀ jáde láti ilé ìdáná,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ sí ìyókù inú ife, ó rò ó.
Ó ki. Ó tún di amọ̀.

Ó wo oko rẹ̀ títí dé etí odò.
"Iyọ̀ mélòó ni yóò tó?"

Eilif ń nu irin.
Èmi tí mo mú ìwé dání,
mo rọra gbẹ́sẹ̀.