Ṣílè Kan Nínú Ìbọ̀wọ́

Wọ́n á ní kí n sọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀.
N kì í mọ ibi tí mo ti fẹ́ mú un.
Ṣé láti ara gìtá ni, àbí láti ara ẹja?

Ìlú Hull ni, nígbà tí ṣílè ṣì jẹ́ owó,
òpópónà wa ń rùn bí agolo sadíìnì tí wọ́n ṣí lánàá.
Màmá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn,
Bàbá ń ka ìwé òfin, ó ń kùnà, ó tún ń kà á.
Oyèníran lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi;
ẹnu àwọn ọmọ àdúgbò kò gbà á, wọ́n sọ ọ́ di Rónì.
Ó ń dá wọn lóhùn. Ó ń dá Màmá náà lóhùn.

Ó fi owó ìwé ìròyìn tó ń pín láàárọ̀ ra gìtá àlòkù
lọ́wọ́ apẹja kan tí wáyà ọkọ̀ ti gé ní ìka méjì.
"Máa gbé e lọ," ni baba náà wí, "kò wúlò fún mi mọ́."
Okùn mẹ́rin ló wà lára rẹ̀.
Oṣù mẹ́ta ni Oyè fi ta mẹ́rin yẹn
kó tó mọ̀ pé mẹ́fà ló yẹ kó jẹ́.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ajá Tútù.
Keith Braddock ló ń lù,
báàfù ìfọṣọ tí ìyá rẹ̀ ń wá kiri ló sì ń lù.
Orin mẹ́ta ni wọ́n mọ̀; méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan náà ni.
Ajá Tútù kú lọ́jọ́ tí ìyá Keith rí báàfù rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e, n kò lè dá orúkọ rẹ̀ níwájú Màmá.
Clive Ottaway wọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn gidi,
ó sì ní ẹnu:
kí Rónì máa gbé ẹrù, kí òun máa kọrin,
ojú Rónì kò ní jẹ́ kí wọ́n pè wọ́n síbì kankan.
Keith kò sọ̀rọ̀. Ó ká wáyà Clive,
rọra, bí ẹni tó ń ká òwú,
ó sì gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà.

"A ò wọ ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ mẹ́tàlá
nítorí ariwo," ni Bàbá wí. Ó padà sídìí ìwé.

Sátidé kan nínú òtútù Nòfẹ́ńbà,
gbọ̀ngán ìjọ Mẹ́tọ́díìsì.
Mo ka èèyàn: mẹ́tàlélógún,
pẹ̀lú ẹni tó wá gba kọ́kọ́rọ́.
Mítà iná ibẹ̀, ṣílè ló ń jẹ.
Wọ́n bọ́ ọ, ó jẹ; wọ́n bọ́ ọ, ó jẹ;
àárín orin karùn-ún, ebi tún pa á.
Òkùnkùn. Gìtá dákẹ́.
Keith ń pariwo: "Ta ló ní ṣílè? Ta ló ní ṣílè?"

Mo ní. Ó wà nínú ìbọ̀wọ́ mi, lọ́wọ́ ọ̀tún,
owó bọ́ọ̀sì tí Màmá fi lé mi lọ́wọ́,
"Má fi ṣe nǹkan mìíràn o."
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo di ọwọ́ mi.

Ìgbà náà ni Oyè lanu.
Yàrá kan náà la jọ ń sùn, n kò gbọ́ ohùn yẹn rí:
ó ń ya, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ epo,
ó gòkè, ó ṣubú, ó dìde,
ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó wá gba kọ́kọ́rọ́ jókòó.

Lórí rédíò báyìí, ó máa ń ní
kádàrá ló paná lálẹ́ ọjọ́ yẹn.
Màá yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, màá gbé omi tíì kaná.
Kádàrá tutù. Orí ọba ló wà lára rẹ̀.
Etí rẹ̀ ń dun èèyàn lọ́wọ́ bí a bá dì í mú jù.

Nígbà tí a jáde, bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ.
Nínú òjò la fẹsẹ̀ rìn délé,
òun gbé gìtá, èmi gbé ṣílè,
kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé kí lo gbé.